Fi Káàdì Rẹ Hàn, Má Fi Í Sílẹ̀: Ọ̀rọ̀ lórí Káàdì Ìdánimọ̀ ní Ẹnu Géètì Ilé-Iṣẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ tí wọ́n gbà wá ní ìlú Benin yìí, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti di ọmọ onílé. Ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí a ń ṣe lójoojúmọ́ tí a kì í sì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun náà ni káàdì ìdánimọ̀ tí a ń fi sílẹ̀ lẹ́nu géètì kí wọ́n tó jẹ́ kí a wọ ilé-iṣẹ́ aládàáni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ojú ara mi rí bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo lọ gba owó iṣẹ́ tí mo ṣe fún ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú yìí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe é. Mẹ́gáàdì ní kí n kọ orúkọ mi, àdírẹ́sì ilé mi, nọ́ńbà fóònù mi àti ẹni tí mo wá rí sínú ìwé ńlá kan. Bí mo ti ń kọ ọ́ ni mo ń ka ti gbogbo àwọn tó ti wá láti àárọ̀, ẹni tó dúró lẹ́yìn mi náà sì ń ka tèmi. Lẹ́yìn náà ó ní kí n mú káàdì wá. Mo yọ láísẹ́ǹsì ọkọ̀ mi. Ó gbà á, ó jù ú sínú páálí bàtà kan tí káàdì bí ogún ti wà nínú rẹ̀, ó sì fún mi ní táàgì àlejò.

Nígbà tí mo jáde ní aago márùn-ún, ẹlòmíràn ló wà lẹ́nu géètì. A tú páálí náà títí, a kò rí láísẹ́ǹsì mi. Ó ní ẹni àárọ̀ ti lọ sílé, kí n padà wá ní ọjọ́ Ajé. Báyìí ni mo ṣe wa ọkọ̀ dé Ugbowo láìní láísẹ́ǹsì lọ́wọ́, tí àyà mi ń já ní gbogbo ibi tí mo bá ti rí aṣọ dúdú. Ní ọjọ́ Ajé ni a tó mọ̀ pé wọ́n ti kó o fún àlejò mìíràn tí orúkọ rẹ̀ jọ tèmi. Ọlọ́run ló ṣe é tí ẹni náà fi jẹ́ olóòótọ́, tó dá a padà. Mo wá bi ara mi léèrè pé bí kì í bá ṣe olóòótọ́ ń kọ́?

Ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé kí ilé-iṣẹ́ má ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àwọn baba wa náà ní oníbodè, yàrà ńlá tó yí Benin ká, tí a ṣì ń rí títí dòní, náà sì ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Oníbodè ní ẹ̀tọ́ láti bi àlejò pé ta ni, níbo ló ti ń bọ̀, ta ló ń lọ bá. Ní ìgbà náà, ilà ojú ni káàdì ìdánimọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Oníbodè yóò wò ó, yóò mọ ìlú tàbí ìdílé tí àlejò ti wá. Ṣùgbọ́n kò sí bí ó ṣe lè bó o lójú onílà kí ó fi í sínú páálí.

Kókó ọ̀rọ̀ mi nìyẹn. Ọ̀tọ̀ ni kí a wo káàdì, ọ̀tọ̀ ni kí a kọ ohun tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni kí a gbà á sílẹ̀. Wíwò tó láti mọ̀ pé èmi ni mo ń jẹ́ orúkọ mi.

Ẹ wo àwọn káàdì tí a ń jù sílẹ̀ yìí lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ ọ́ sínú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà pé ohun ìní ìjọba ni. A kò lè fi ohun ìní ẹlòmíràn dógò. Ní ti káàdì ìdìbò, òfin ìdìbò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ kí ènìyàn ní káàdì ìdìbò lọ́wọ́ lọ́nà tí kò bófin mu, ìjìyà rẹ̀ sì lè jẹ́ owó ìtanràn, tàbí ẹ̀wọ̀n, tàbí méjèèjì. Ohun tí òfin ń ṣọ́ tó báyìí, kí ló ń ṣe nínú páálí bàtà? Ní ti NIN, nọ́ńbà 11 ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe nọ́ńbà lásán mọ́. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba ti pàṣẹ kí a so ó mọ́ nọ́ńbà fóònù wa, fóònù yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ wa sì fi ń gba owó ní báńkì. Ẹni tó bá ní orúkọ rẹ, àdírẹ́sì rẹ, fóònù rẹ àti NIN rẹ lójú kan náà ti di kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ mú. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Apá 37 nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tó dá àjọ NDPC sílẹ̀ láti máa ṣọ́ bí a ṣe ń lo ìsọfúnni nípa ènìyàn. Òfin náà kò dárúkọ géètì tàbí mẹ́gáàdì, ṣùgbọ́n ó kan ìwé tí a fi ọwọ́ kọ bí ó ti kan kọ̀ǹpútà. Ó ní kí a sọ ìdí tí a fi ń gba ìsọfúnni, kí a má gbà ju ohun tí ìdí náà nílò lọ, kí a má tọ́jú rẹ̀ kọjá àkókò tó yẹ, kí a sì pa á mọ́ dáadáa. Ìwé tó ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì kò pa nǹkan kan mọ́.

Ẹ lè ní, ẹ̀yin ará, pé kí ni ọ̀rọ̀ káàdì kékeré tó fẹ́ di wàhálà báyìí? Èmi ń wo àwọn ọmọ wa. Ìlú tí a ń gbé yìí mọ ìrora àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n tàn lọ sí òkè òkun pé iṣẹ́ wà. Ìrora náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Ọba Ewuare Kejì fi gégùn-ún fún àwọn tó ń kó ènìyàn ṣòwò ní oṣù Kẹta ọdún 2018. Ohun tí àwọn oníṣòwò yìí sì sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á gba pásípọ́ọ̀tù ọmọ náà, wọ́n á ní àwọn ń bá a tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá di ìwé rẹ mú ti di ẹsẹ̀ rẹ mú. N kò fi mẹ́gáàdì wé wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ tó bá ti mọ́ lára láti máa fi ìwé rẹ̀ lé ẹnikẹ́ni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́wọ́ kò ní bèèrè ìdí ní ọjọ́ tí ìbéèrè bá yẹ.

Kí ni kí a ṣe?

1. Ẹ fi káàdì hàn, kí ẹ sì gbà á padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò.

2. Bí mẹ́gáàdì bá kọ̀, ẹ pe ẹni tí ẹ wá rí lórí fóònù kí ó wá mú yín wọlé.

3. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ fi káàdì ẹgbẹ́ tàbí ti ìjọ sílẹ̀. Ẹ má fi pásípọ́ọ̀tù, káàdì ìdìbò, láísẹ́ǹsì tàbí NIN sílẹ̀.

4. Bí wọ́n bá ní dandan ni fọ́tòkọ́pì, ẹ fa ìlà méjì sójú rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ àti ìdí tí ẹ fi fún wọn.

5. Bí káàdì bá sọnù síbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà. A lè fi ẹjọ́ sun NDPC.

Mo mọ̀ pé ẹni tó ń wá iṣẹ́, tàbí obìnrin tó ń gbé oúnjẹ wọlé fún àwọn òṣìṣẹ́, kò lè bá mẹ́gáàdì ṣe àríyànjiyàn. Mẹ́gáàdì náà kọ́ ló dá òfin yẹn sílẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-iṣẹ́, ilé-ìwé tàbí ilé ìwòsàn nínú ẹgbẹ́ yìí ni mo ń bẹ̀ jù. Ẹ dá páálí bàtà nù. Orúkọ àlejò, ẹni tó wá rí àti aago tó wọlé ti tó. Ẹ jẹ́ kí mẹ́gáàdì fúnra rẹ̀ máa kọ ọ́, kí ìwé má ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ojú. Bí àwa bá bẹ̀rẹ̀ ní géètì tiwa, àwọn aládùúgbò wa yóò rí i.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí orúkọ wa bọ́ sọ́wọ́ ẹni ibi. Ilé wa yóò tòrò, ìlú Benin yóò tòrò, ọ̀nà yóò là fún àwọn ọmọ wa.