Ẹni Iwájú Ni Í Tọ́ Ará Ẹ̀yìn Sọ́nà



Ní ọdún 1973 ni Industrial Training Fund dá ètò SIWES sílẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà lè ṣiṣẹ́ níta kí ó tó gboyè. Ní yunifásítì, oṣù 6 ni. Ètò rere ni. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni í sábà wá ibi iṣẹ́ kiri. Èyí tí kò mọ ẹnikẹ́ni a gba ibi tí ó bá rí: ẹni tí ń kọ́ nípa afárá a di ẹni tí ń to fáìlì, oṣù 6 a sì ṣòfò.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti gboyè ṣáájú wà nídìí ọ̀nà, iná mànàmáná àti omi ẹ̀rọ. Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò ni í kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹni iwájú bá dákẹ́, kí ni ará ẹ̀yìn yóò fi gbọ́n?

Nítorí náà ni a ṣe dá a lábàá pé kí Akọ̀wé ṣí ìwé orúkọ, kí ẹnjiníà kọ̀ọ̀kan sì mú akẹ́kọ̀ọ́ kan, kí ó tọ́ ọ sí ibi iṣẹ́ tí ó yẹ ẹ́. Owó kọ́ ni a ń tọrọ, ìmọ̀ràn ni.