Kí Àwọn Ọmọ Wa Tó Wọ Ilé Onílé

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́)

 

Nígbà tí Akọ̀wé wa kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìrìn-àjò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ọmọ wa fẹ́ rìn lọ sí agbègbè Yorkshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo kọ́kọ́ rò pé iye aṣọ tí ọmọ yóò dì sínú àpótí ni ẹ fẹ́ gbọ́. Èmi yóò fẹnu ba ọ̀rọ̀ àpótí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni yóò gba àkókò wa. Bí ọmọ bá gbàgbé aṣọ òtútù, a lè rà á ní ọjà níbẹ̀. Bí ó bá gbàgbé bí a ti í jẹ́ àlejò, kò sí ọjà tí wọ́n ti ń tà á.

Kò sí ilé ìtura nínú ètò yìí. Olúkúlùkù ọmọ ni yóò wọ ilé ìdílé kan, tí yóò bá wọn jẹun, tí yóò bá wọn fọ àwo, tí yóò sì sùn sí yàrá tí wọ́n bá fún un. Ní oṣù kejì ọdún tí ń bọ̀, àwọn ọmọ ìdílé wọ̀nyẹn ni yóò wá sùn ní ilé tiwa fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ohun tí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ wọn sọ nípa ilé yín nígbà tí ó bá padà délé, òun náà ni kí ẹ kọ́ ọmọ tiyín láti sọ nípa ilé wọn.

Àwa ará ilẹ̀ yìí mọ bí ó ti í rí nígbà tí àlejò bá kọ ohun tí kò yẹ nípa ẹni. Àwọn àgbà tí ó wà ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní oṣù kẹwàá ọdún 1961 kò jẹ́ gbàgbé. Ọmọbìnrin Amẹ́ríkà kan, Margery Michelmore, ẹni ọdún 23, wà lára àwọn ọ̀dọ́ Peace Corps tí Ààrẹ Kennedy kọ́kọ́ rán wá sí Nàìjíríà. Kò tíì pẹ́ tí ó dé nígbà tí ó kọ káàdì kan sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé, irú káàdì tí kì í ní àpò ìwé tí a fi ń bò ó, pé ìlú náà dọ̀tí, pé ó rẹ̀yìn, pé ojú títì ni àwọn ènìyàn ti ń dáná tí wọ́n sì ti ń tajà. Káàdì náà bọ́ sọnù kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó he é. Wọ́n dà á kọ, wọ́n pín in káàkiri ilé-ẹ̀kọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì péjọ, inú wọn ru. Ọmọbìnrin náà tọrọ àforíjì, ó sì padà sí ilé rẹ̀.

Èmi kò kà á sí ènìyàn burúkú. Ta ni ó lè sọ pé kò sí ẹni tí ń dáná ní ojú títì ní Ìbàdàn? Ṣùgbọ́n ó rí títì kí ó tó rí inú ilé, ó sì kọ̀wé kí ó tó bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ẹ̀yin ọmọ mi, káàdì kan ṣoṣo ni tirẹ̀. Fóònù ni ẹ̀yin óò mú lọ. Àwòrán ilé ìdáná tí kò mọ́, tàbí ti baba arúgbó tí ó sùn lọ lórí àga, lè dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ̀rún ènìyàn kí ọbẹ̀ tó tutù, kí ó sì tún padà dé etí ẹni tí ó ni ilé. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni nínú yín kò gbọdọ̀ ya àwòrán inú ilé tàbí ti ènìyàn kan láìgba àṣẹ. Bí nǹkan kan bá yà yín lẹ́nu, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ara yín, kí ẹ sì bi onílé léèrè ní ọjọ́ kejì.

Ní ti ìwà ọmọlúwàbí, ẹ óò rí i pé ìwà tí ó dára ní ilé wa lè di ohun mìíràn lójú ẹlòmíràn. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rin irú ìrìn báyìí. Ìyá ilé bi ọmọbìnrin kan bóyá yóò tún jẹ sí i. Ọmọ náà, tí a kọ́ dáradára, dáhùn pé, “Rárá, mà, ẹ ṣeun,” ó sì ń retí kí wọ́n rọ òun gẹ́gẹ́ bí a ti í ṣe nílé. Ìyá náà gbé àwo kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún alẹ́ mẹ́ta. Ọmọ rò pé ahun ni obìnrin náà. Obìnrin náà wá bá mi, ó ní ọkàn òun kò balẹ̀, pé ó jọ pé ọmọ kò fẹ́ràn oúnjẹ òun. Àwọn méjèèjì ni ó ń ṣe ọmọlúwàbí, ebi sì ń pa ọmọ. Níbẹ̀, bí ẹ bá fẹ́, ẹ ní ẹ fẹ́. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ ní ẹ kò fẹ́, kí ẹ sì dúpẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú wíwò. Ọmọ tiwa a máa wolẹ̀ nígbà tí àgbà bá ń bá a sọ̀rọ̀; lójú wọn, ẹni tí ó wolẹ̀ ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ gbé ojú sókè. Àti pé nínú èdè tiwa, “ẹ” tí a fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀ ti gbé ọ̀wọ̀ lọ́wọ́. Èdè wọn kò ní in. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe ọba àti ọmọ ọwọ́. Inú “ẹ jọ̀wọ́” àti “ẹ ṣeun” ni wọ́n kó gbogbo ọ̀wọ̀ wọn sí. Ẹni tí kò bá sọ méjèèjì, bí ó tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀, wọn yóò ní kò ní ẹ̀kọ́. Bí ìyá ilé bá ní kí ẹ máa fi orúkọ pe òun, ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ tí àwọn ìyá ń kùn lẹ́yìn. Ẹ dákun, ilé rẹ̀ ni.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí fi ẹnu ara yín sọ fún ọmọ yín kí ó tó lọ. A ti kọ́ wọn pé ọmọdé kì í ko àgbà lójú. Ẹ sọ fún wọn pé bí àgbàlagbà kan, ìbáà ṣe òyìnbó, ìbáà ṣe olùkọ́ tí ó bá wọn lọ, ìbáà ṣe ọmọ ìlú wa tí ó ń gbé níbẹ̀, bá ṣe ohun tí ó dẹ́rù bà wọ́n, tàbí tí ó ní kí wọ́n fi bò, wọn kò gbọdọ̀ dákẹ́. Kí wọ́n mọ nọ́ńbà fóònù òbí wọn àti ti olùkọ́ sórí, kí wọ́n sì mọ̀ pé 999 ni a fi ń pe ọlọ́pàá níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 yóò bá gbé lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe òbí tàbí ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin ní kí a fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Láti nǹkan bí ọdún 1950 síwájú, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án tí wọ́n sì ń kàwé lálẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó fi ọmọ sọ́dọ̀ ìdílé òyìnbó tí wọ́n rí nípa ìpolówó inú ìwé ìròyìn Nursery World. Àwọn ọmọ kan rí ìtọ́jú rere. Àwọn mìíràn padà wálé láìgbọ́ èdè ìyá wọn. Ìrìn-àjò tiwa kò ju ọjọ́ 21 lọ, òfin náà kò sì kàn wá, ṣùgbọ́n ọjọ́ 21 tó fún ìwà rere, ó sì tó fún ìwà ibi. Nítorí náà, bí ìgbìmọ̀ bá wá wo yàrá tí ẹ̀yin náà fẹ́ fún àlejò ní oṣù kejì, tí wọ́n sì béèrè orúkọ gbogbo àgbàlagbà tí ń wọlé tí ń jáde, ẹ má ṣe bínú. Ilé tèmi ni wọn yóò kọ́kọ́ wò.

Àpótí ńkọ́? Ihò iná wọn bá tiwa mu, ẹ kò níláti ra ohunkóhun fún un. Òfin wọn kò gbà kí a kó ẹran tàbí ohun tí a fi wàrà ṣe wọlé láti ilẹ̀ wa. Ẹ fi ẹran díndín sílẹ̀, bí ìyá àgbà bá tilẹ̀ sunkún. Ní oṣù keje aago wọn àti tiwa dọ́gba, nítorí náà kò sí ìdí tí ìyá kan yóò fi jí ọmọ ní òru, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má máa pè wọ́n ní wákàtí wákàtí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà, oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ títí agogo 9 alẹ́ yóò fi kọjá; kí àwọn ọmọ Mùsùlùmí ti sọ fún onílé ṣáájú pé ìrun alẹ́ wọn yóò pẹ́, àti pé wọn kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, nítorí òun ni wọ́n ń fi ṣe ọ̀pọ̀ sọ́séèjì. Èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù ni títì. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wa ọkọ̀ lápá ọ̀tún; àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò kúrò lápá òsì. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọdá níbẹ̀, apá ọ̀tún ni kí ó kọ́kọ́ wò.

Ẹgbẹ́ ti ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ fún olúkúlùkù ọmọ láti mú lọ fún ìdílé tí yóò gbà á. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò lè sọ ìtàn aṣọ tí ó mú lọ́wọ́, alágbàárù lásán ni. Ẹ lọ bá àwọn ìyá wa tí ó mọ̀ ọ́n. Ẹ bi wọ́n bí a ti ń fi lẹ́kọ́ ẹ̀gẹ́ ya ọnà sára aṣọ, kí aró tí a fi ewé ẹ̀lú ṣe má bàa mú ibẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ìdí tí òpó Gbọ̀ngàn Mápó fi wà lára èyí tí à ń pè ní Ìbàdàndùn. Bí ẹ bá sì rí Olóba, ẹ wò ó dáradára: àwòrán Ọba George Karùn-ún àti ayaba rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀, tí àwọn aláró wa yà nítorí ayẹyẹ ọdún 25 rẹ̀ lórí ìtẹ́ ní ọdún 1935. Ẹ rò ó wò, kí ọmọ ìlú wa máa sọ fún òyìnbó ní ilé rẹ̀ bí ọba wọn ti ṣe dé ara aṣọ tiwa! Mo ti rí ọmọkùnrin kan tí wọ́n bi léèrè ìtumọ̀ orúkọ ìlú rẹ̀, tí ó ní kí wọ́n dúró kí òun wò ó nínú fóònù. Ojú tì mí fún un.

Ní Sátidé tí ń bọ̀, ní agogo 10 àárọ̀, kí àwọn ọmọ 12 náà pàdé mi ní gbọ̀ngàn yìí pẹ̀lú bébà àti bíírò. Akọ̀wé yóò fún olúkúlùkù ní orúkọ ìdílé tí yóò gbà á, a ó sì jọ kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí wọn: ẹni tí ọmọ jẹ́, ohun tí kì í jẹ, oògùn tí ó bá ń lò, ìgbà tí ó ń gbàdúrà, àti ohun kan tí ó fẹ́ mọ̀ nípa wọn. Kí òbí kankan má ṣe bá ọmọ kọ tirẹ̀.