Àwọn Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣọ́ Mànàmáná



Ààrá kì í ṣe àjèjì láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́. Kí ẹ̀rọ tó dé ni àwọn ẹlẹ́gùn Ṣàngó ti ń wo ojú sánmà. Ẹ̀rọ kò wá gba ipò wọn: kò mọ ìdí tí ààrá fi sán, ibi tó ti sán ló mọ̀.

Ẹni tó bá ń gbọ́ rédíò nígbà òjò mọ̀ pé bí mànàmáná bá ti kọ, rédíò á ṣe kàrà-kàrà. Ariwo yẹn gan-an ni ẹ̀rọ orí ilẹ̀ ń dẹtí sí. Ẹ̀rọ kan á gbọ́ ọ ṣáájú èkejì, ìyàtọ̀ tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Kọ̀ǹpútà á fi ṣírò ibi tó ti wá. Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà ń darí irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ ní Áfíríkà.

Ìdí nìyẹn tí ti òkè fi ṣe pàtàkì. Ní 13 oṣù Kejìlá 2022, àwọn ará Yúróòpù fi sátẹ́láìtì Meteosat tuntun ránṣẹ́ sókè. Ó wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà, ó ń bá ayé yí, kì í kúrò lókè Áfíríkà. Ojú mẹ́rin tó ní ń ya àwòrán 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lọ́sàn-án lóru. Àmọ́ ó ṣòro fún un láti mọ èyí tó bọ́ sórí igi yàtọ̀ sí èyí tó parí sínú ìkuukùu. Méjèèjì ni wọ́n ń lò pọ̀.

Mànàmáná sábà máa ń pọ̀ lójijì kí ìjì tó le. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìkìlọ̀ yẹn fi ń ṣíwájú. Bó bá tilẹ̀ dé Kùtọnu, ta ni yóò sọ fún obìnrin tó wà lóko ẹ̀gẹ́, tàbí fún olùkọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sá sábẹ́ máńgòrò? Rédíò àdúgbò wà, akéde wà, fóònù wà lọ́wọ́ aráyé. Kí àwọn aláṣẹ yan ẹni tí iṣẹ́ náà máa jẹ́ tirẹ̀ ní abúlé kọ̀ọ̀kan kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ará oko, bí mànàmáná bá kọ, kó máa ka ení, èjì. Bí ààrá bá sán kó tó ka ọgbọ̀n, kò jìn tó kìlómítà mẹ́wàá ní 3 ìṣẹ́jú àáyá fún kìlómítà kan. Kó wọ ilé tó ní ògiri tàbí ọkọ̀ onírin, kì í ṣe abẹ́ igi tàbí àtíbàbà, kó sì dúró síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ààrá tó sán kẹ́yìn.