Owó-Oṣù àti Ìsinmi Tí Ó Yẹ Olùkọ́ Àwọn Àkàndá Ọmọ
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú)

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo. Ó jẹ mọ́ àwọn tí ń kọ́ adití, afọ́jú àti àwọn ọmọ tí kì í tètè gba ẹ̀kọ́, ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ fún wọn.

Láti ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní, 1955, tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ni a ti ń fi ilé-ẹ̀kọ́ yangàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ adití àti afọ́jú kò rí ìjókòó níbẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ dìde: ilé-ẹ̀kọ́ adití Wesley bẹ̀rẹ̀ ní Surulere ní 1958, Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, ilé-ẹ̀kọ́ afọ́jú Pacelli sì tẹ̀lé e ní Èkó ní 1962. Ní 1977 ni ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń kọ́ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ náà. Gbogbo olùkọ́ ìṣirò ni ó gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò. Ti ilé-ẹ̀kọ́ adití gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, kí ó sì tún lè fi ọwọ́ sọ ọ́. Ti ilé-ẹ̀kọ́ afọ́jú gbọ́dọ̀ lè kọ ọ́ ní Braille, kí ìka ọmọ lè kà á. Níbi tí àwọn ọmọ bá sì ti ń sùn nínú ọgbà, iṣẹ́ kì í tán nígbà tí agogo bá lù.

Àwọn ọmọ ìlú wa tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ti mú ẹjọ́ wá fún Ẹgbẹ́. Nítorí pé kì í ṣe àjọ tí ń bójútó àwọn olùkọ́ yòókù ni ó gbà wọ́n, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni ìwé ìjọba kà wọ́n sí. Ìgbéga wọn ń falẹ̀, àjẹmọ́nú olùkọ́ kò sì kàn wọ́n. Bí àwọn ẹgbẹ́ wọn bá gba họlidé, àwọn ní láti kọ̀wé tọrọ ìsinmi. A sì lè fún wọn láàárín táàmù, nígbà tí ọmọ nílò wọn jù lọ.

Orúkọ tí a fi gba ènìyàn sí iṣẹ́ kì í ṣe ohun kékeré. Òfin 2022 fi ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí ọdún 65, tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba jẹ́ 60, tàbí 35. Ní ìpínlẹ̀ tí ó bá gba òfin náà, ẹni tí a kò kà mọ́ olùkọ́ ti pàdánù ọdún márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ràn lórí ipò olùkọ́ tí aṣojú orílẹ̀-èdè púpọ̀ fọwọ́ sí ní Paris ní 1966 sọ pé kí gbogbo olùkọ́ máa gba ìsinmi ọdọọdún tí ó tó, pẹ̀lú owó-oṣù ní kíkún.

Àwọn kan lè wí pé iṣẹ́ àánú ni, Ọlọ́run ni yóò san án. A ṣe àmín; ṣùgbọ́n èrè ọ̀run kì í san owó ilé-ìwé ọmọ olùkọ́. Òfin 2019 fún àkàndá ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ẹ̀kọ́ girama. Bí olùkọ́ rẹ̀ bá ṣí lọ sí ibi tí owó gbé pọ̀, ta ni yóò bá a sọ̀rọ̀?

Nítorí náà a bẹ Ẹgbẹ́ kí ó kọ̀wé sí ìjọba fún ohun mẹ́ta: kí a kà wọ́n mọ́ olùkọ́, kí owó-oṣù, ìgbéga àti ìsinmi wọn bá ti ẹgbẹ́ wọn dọ́gba, kí a sì fi àjẹmọ́nú lé e nítorí ìmọ̀ àfikún tí wọ́n ní. Ẹ̀yin ará ìdálẹ̀, aṣọ àti ìrẹsì tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ náà dára. Ẹ fi orúkọ yín sí ìwé yìí pẹ̀lú. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Kí Ọlọ́run bùkún ìlú wa.