Nígbà Tí Bíréèkì Iwájú Bá Ń Ké

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, bí ọkọ̀ bá ń han gooro nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ẹ má fi í dọ̀la.

Ibi tó tẹ́jú ni kí ẹ ti yẹ bíréèkì náà wò. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀, ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀, kí ẹ sì fi irin ìdúró tì í lábẹ́. Jáàkì nìkan lè yọ̀, ẹ̀mí ò sì láàrọ̀.

Ẹ yọ táyà, ẹ tú bóòtù méjì tó di kálípà (èyí tó ń tẹ páàdì mọ́ dísìkì) mú, ẹ gbé e kúrò. Wáyà ni kí ẹ fi so ó rọ̀. Bó bá fi rọ́bà òróró bíréèkì rọ̀, rọ́bà náà lè ya nínú láìhàn síta.

Páàdì ló kàn, pàápàá ti inú, èyí tí ojú kì í tètè tó. Bí ohun tó kù lára rẹ̀ kò bá ju mílímítà 3 lọ, ẹ pààrọ̀ ti ọ̀tún àti ti òsì pọ̀, kí ọkọ̀ má baà máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí páàdì kan bá jẹ ju ìkejì lọ, ó ṣeé ṣe kí kálípà ti há.

Dísìkì ńkọ́? Ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ jù sábà máa ń wà lára rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ó ti sán.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fẹnu fẹ́ eruku bíréèkì. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún. Àwọn páàdì kan ní asbestos, tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Bí ẹ bá ti tò ó padà, ẹ tẹ bíréèkì léraléra títí yóò fi le, kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan.