Galland: Awabàálù Onísìgá

(Orin ìdánimọ̀. Kó rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sábẹ́ ohùn.)

ATỌ́KÙN: Lọ́sẹ̀ tí àwọn ará Yúróòpù ń rántí ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún 1945, ọjọ́ tí ogun Hitler parí lọ́dọ̀ tiwọn (àwọn bàbá wa tó wà ní Burma ṣì ń jà lọ́jọ́ náà), wọ́n ní ká ṣètò lórí ẹnì kan tó jà níhà kejì. Níhà Jámánì ni o.

Adolf Galland lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1912 ni wọ́n bí i ní Westerholt, níwọ̀ oòrùn Jámánì. Ọkùnrin onírunmú dúdú ni, sìgá kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Sìgá tí mo wí yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà lọ́kọ̀ọ̀kan létí títì o. Odidi ewé tábà tí wọ́n ká jọ ni. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ní kí wọ́n ṣe ohun ìtanná sínú bàálù ajagun òun, kóun lè máa fi tan sìgá. Nínú bàálù tó ru epo bẹntiróò! Wọ́n tún ya Mickey Mouse sára bàálù ọ̀hún, eku náà ń mu sìgá bíi ti ọ̀gá rẹ̀.

Díẹ̀ ló kù kí ọkùnrin yìí má fò mọ́. Ní 1935, bàálù ìdánrawò gbé e lulẹ̀. Agbárí rẹ̀ sán, imú ṣẹ́, odindi ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi mọ ibi tó wà, àwókù gíláàsì sì wọ ojú òsì rẹ̀. Ta ni yóò gba olójú kan láàyè kó máa wa bàálù ogun? Nígbà tí dókítà fẹ́ yẹ ojú rẹ̀ wò, Galland ti há gbogbo lẹ́tà ara pátákó náà sórí. Ó kà á láìkọsẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ.

(Ìró ẹ́ńjìnnì bàálù àtijọ́. Kó kọjá.)

Ní 1937 ó dé Spain, níbi tí Hitler ti rán ọmọ ogun òfurufú lọ gbè sẹ́yìn ọ̀gágun Franco nínú ogun abẹ́lé ibẹ̀. Bàálù tí wọ́n fún un níbẹ̀ ti gbó ju èyí tó lè kojú ẹgbẹ́ rẹ̀ lókè lọ, nítorí náà àwọn tó wà nílẹ̀ ló ń rọ̀jò ọta àti bọ́ǹbù lé lórí. Iṣẹ́ kan náà ló ṣe ní Poland ní 1939. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ìtàn tó dùn jù. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ Galland bí ọmọlúàbí ojú ọ̀run, mo sì fẹ́ sọ ọ̀kan nínú ìtàn bẹ́ẹ̀ láìpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí bọ́ǹbù rẹ̀ bá nínú kòtò ní Spain kò rí ẹni kọ ìtàn tiwọn. Ìjọba tó ń sìn, gbogbo ayé ló mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, Galland sì sìn ín dópin.

Lẹ́yìn Poland ni làkúrègbé òjijì mú un. Bàálù tí orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ló ń wà, atẹ́gùn tútù ń wọ̀ ọ́ lára. Dókítà bá kọ ọ́ síwèé pé kó lọ wa èyí tó ní ìbòrí, ìyẹn bàálù ajagun. Ibi tó ń wá ọ̀nà dé gan-an nìyẹn! Ní oṣù Karùn-ún 1940 ó já bàálù Gẹ̀ẹ́sì lulẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, lójú ọ̀run Belgium. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ ọdún náà, ó ti di ọ̀gá ẹgbẹ́ ajagun òfurufú tí wọ́n ń pè ní JG 26, létí òkun Faransé.

Níbẹ̀ ni Göring, olórí gbogbo ọmọ ogun òfurufú Jámánì, ti bá wọn. Ó pàṣẹ pé kí àwọn bàálù ajagun má ṣe kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ajubọ́ǹbù, bẹ́ẹ̀ ìyẹn kì í jẹ́ kí wọ́n rí ààyè jà. Ó wá béèrè ohun tí wọ́n nílò. Galland ní kí wọ́n fún òun ní Spitfire. Spitfire, ti Gẹ̀ẹ́sì! Göring kò rí èsì fọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Galland ṣàlàyé lẹ́yìn ogun pé òun kò kúkú fẹ́ Spitfire, inú ló ń bí òun.

(Orin díẹ̀.)

Ó yá, ìtàn tí mo ṣèlérí. Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó ń jẹ́ Douglas Bader. Jàǹbá bàálù ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ní 1931, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ló fi ń wa bàálù ogun. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ 1941, bàálù rẹ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀run Faransé. Bó ṣe fẹ́ fò jáde, ẹsẹ̀ ọ̀tún há. Okùn rẹ̀ já, Bader sì fi páráṣúùtì balẹ̀ lẹ́lẹ́sẹ̀ kan. Àwọn ará Jámánì wá ẹsẹ̀ náà rí nínú àwókù bàálù, wọ́n tún un ṣe fún un.

Galland ránṣẹ́ pè é wá jẹun. Ó mú un rìn yíká pápá, ó jẹ́ kó jókòó sínú bàálù òun. Àwòrán ibẹ̀ ṣì wà dòní. Bader yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ó wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kóun gbé e fò yípo lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹlẹ́wọ̀n o! Galland rẹ́rìn-ín. Ó ní bóun bá gbà, bóyá ó máa sá, òun á sì ní láti lépa rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra ni. Wọ́n ránṣẹ́ sí Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n fi ẹsẹ̀ mìíràn ránṣẹ́, àwọn ò ní yìnbọn sí ẹni tó bá gbé e wá. Gẹ̀ẹ́sì kò gba àánú wọn. Bàálù ajubọ́ǹbù tó ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ló fi páráṣúùtì ju ẹsẹ̀ náà sílẹ̀. Bader náà kò sì jókòó kalẹ̀: ó so aṣọ bẹ́ẹ̀dì mọ́ra, ó gba ojú fèrèsé ọsibítù sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tún mú un. Òun àti Galland di ọ̀rẹ́ lẹ́yìn ogun, títí Bader fi kú ní 1982.

Mo rí i pé agogo ti ń lé wa. Ní oṣù Kọkànlá 1941, Werner Mölders tó jẹ́ olórí àwọn awabàálù ajagun kú nínú jàǹbá bàálù, wọ́n fi Galland rọ́pò rẹ̀. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ló di ọ̀gágun àgbà ní 1942. Àbúrò rẹ̀ méjì, awabàálù ni àwọn náà, bógun lọ: Paul ní 1942, Wilhelm-Ferdinand ní 1943. Nígbà tí Göring pe àwọn awabàálù ní ojo, Galland ní òun já àmì ẹ̀yẹ ọrùn òun, òun là á mọ́ tábìlì níwájú rẹ̀.

Ní 1943 ló wa Me 262, bàálù ajagun tí kò ní abẹ̀bẹ̀ níwájú. Bí ẹ́ńjìnnì yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún àwọn ẹ́ńjíníà. Ó ṣáà yá ju gbogbo bàálù ọ̀tá tó ń jà lókè nígbà náà lọ. Hitler fẹ́ kó máa ju bọ́ǹbù, Galland fẹ́ kó máa lé ajubọ́ǹbù. Wọ́n yọ ọ́ nípò níbẹ̀rẹ̀ 1945, wọ́n wá fún un ní ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń wa Me 262, JV 44. Ọ̀gágun àgbà padà di olórí awabàálù díẹ̀! Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin, bàálù Amẹ́ríkà yìnbọn bá a lórúnkún. Ó balẹ̀ sí pápá Munich nígbà tí bàálù ọ̀tá ṣì ń yìnbọn sí pápá náà, ó fò jáde, ó kó sínú kòtò bọ́ǹbù. Bàálù 104 ni wọ́n kọ sí i lórúkọ pé ó já lulẹ̀ nígbà ogun.

Ọ̀rọ̀ Argentina ṣì kù, níbi tó ti lọ kọ́ àwọn awabàálù Ààrẹ Perón, àti ti fíìmù tó bá wọn ṣe ní… wọ́n ti ń nawọ́ sí mi nídìí ẹ̀rọ. Ọdún 1996 ló kú. Ìròyìn ló kàn.

(Orin ìdánimọ̀. Kó gé e.)