KÍ LÓ PA EWÚRẸ́ YẸN?

Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. (Ẹ̀rín.) Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ ó gbọ́ ibi tí mò ń lọ.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé lẹ́bàá Ayétòrò, gàrí ni ìyá mi ń ṣe. A jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ewúrẹ́ mẹ́ta ti kú. Itọ́ ń hó lẹ́nu wọn, kò sí ọgbẹ́ lára. Ìyá àgbà kan wà lójúlé kejì, opó ni, kò bímọ. Wọ́n ní òun ni. Kó tó di ọjọ́ ọjà, kò sẹ́ni tó ń ra iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ará, èmi náà bá wọn sá fún un. Ìyá yẹn ti kú. Mi ò ráyè bẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo inú ewúrẹ́ yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Léfítíkù orí 11, ẹ mọ̀ pé ẹran kan ń jẹ àpọ̀jẹ. Kí ló ń jẹ́ àpọ̀jẹ? Ẹ ya ẹnu ewúrẹ́ wò, kò ní eyín iwájú lókè, erìgì líle ló wà níbẹ̀. Á já ewé, á gbé e mì wàràwàrà. Tó bá wá dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi, á pọ̀ ọ́ padà, á rún un dáadáa. Ọ̀nà mẹ́rin ni ikùn rẹ̀ pín sí. Ẹ̀yin ìyá tó ń ra ẹran mọ̀ wọ́n: ṣàkì, tó dàbí táwẹ́ẹ̀lì, òun ló tóbi jù, ti màlúù ńlá lè gba omi 100 lítà. Èyí tó rí bí afárá oyin tún wà, àti èyí tó ní abala-abala bí ìgbà téèyàn ṣí Bíbélì. Ẹ̀kẹrin ló jọ tiwa.

Ewúrẹ́ fúnra rẹ̀ ò lè da koríko o! Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tójú ò lè rí ló kún inú ṣàkì, àwọn ló ń bá a ṣe é, bí ẹ̀gẹ́ fùfú ṣe ń kan nínú ìkòkò. Afẹ́fẹ́ ń jáde níbẹ̀, ewúrẹ́ á gùfẹ̀ ẹ́ dànù. Bí kò bá rí i gùfẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ á wú.

Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ kékeré yìí kì í béèrè ohun tó wọlé. Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́, cyanide ni wọ́n ń pè é, ó sì pọ̀ lára èèpo ju inú lọ. Ó wà ní dídè. Bí èèpo tútù bá dé inú ṣàkì, wọ́n á tú u sílẹ̀ kíákíá, á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ewúrẹ́ ń mí, afẹ́fẹ́ ń wọlé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ́n yòò, síbẹ̀ ara ò lè lo afẹ́fẹ́ náà mọ́. Á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, á ṣubú. Ó lè má tó wákàtí kan.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òkìtì èèpo tútù wà lẹ́yìnkùlé wa. Àwa la dà á síbẹ̀. (Ìjọ dákẹ́.)

Mi ò ní kẹ́ ẹ máa da èèpo nù o. Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù láyé, oúnjẹ ẹran nìyẹn. Ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ IITA àti ILRI ti fi hàn pé téèyàn bá rin ín, tó fún omi rẹ̀, tó sá a, ó di oúnjẹ gidi; tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù á fúnni ní bíi tọ́ọ̀nù 1. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ, ẹ fọ́n ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sóòrùn, ẹ máa yí i, títí á fi máa dún kárakàra. Ẹ so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó gbẹ. Bó bá sì ṣubú, ẹ sáré pe dókítà ẹran, abẹ́rẹ́ wà fún un tí kò bá tíì pẹ́.

Ẹni tó bá ń sá fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ ládùúgbò rẹ̀, kó jáde wá síwájú. Èmi náà ti wà níbí. (Àwọn èèyàn ń jáde.)